Bí a ṣe ń fi súìṣì tó ń gé iná bátìrì sínú mọ́tò àtijọ́

Peugeot 504 bàbá tó wà lábẹ́ tapólì láti ọdún dé ọdún, tó jẹ́ pé ọdún Lísàbí nìkan ló ń gbé e jáde lágbo ilé yín l'Ábẹ́òkúta, kò sí bí bátìrì rẹ̀ ṣe fẹ́ ṣe é tí kò ní kú. Aago inú rẹ̀ ń fa iná díẹ̀díẹ̀. Bátìrì tó kú ṣì ṣeé chájì, àmọ́ wáyà tí rọ́bà ara rẹ̀ ti bó, tó wá fara kan irin lóru, iná ló ń dá sílẹ̀. Súìṣì kan ló ń gba èèyàn lọ́wọ́ méjèèjì.

Irú méjì ló wọ́pọ̀ lọ́jà. Ọ̀kan ń jókòó sórí bátìrì gan-an, ẹ ó sì máa fọwọ́ yí kókó rẹ̀. Kò wọ́n, kò sì gba lílu ihò, àmọ́ gbogbo ìgbà lẹ ó máa ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Tó bá jẹ́ pé ojoojúmọ́ lẹ ń gbé tiyín kọjá Pánṣẹ́kẹ́, ẹ ra oníkọ́kọ́rọ́ pupa, èyí tí wọ́n ń dè mọ́ ara irin. Ẹ yẹ iye amp tí wọ́n kọ sí i lára wò, ìyẹn bí iná tó lè gba inú rẹ̀ kọjá ṣe pọ̀ tó. Sítátà lè fà ju 100 amp lọ, súìṣì yẹpẹrẹ á yọ́. Ẹ tún ra wáyà bátìrì kúkurú kan tó nípọn bíi ti tẹ́lẹ̀.

Wáyà tó lọ bá bọ́dì mọ́tò la fẹ́ gé. Nínú 504, orí bátìrì tí wọ́n kọ – sí ni. Nínú àwọn mọ́tò Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ bíi Morris Minor, + ló wà lára bọ́dì. Ẹ tọ wáyà náà dé ibi tí wọ́n dè é mọ́, ẹ má gbára lé àwọ̀ rẹ̀. Àwọn réwáyà wa, èyí tọ́wọ́ wọn bá bà ni wọ́n ń fà.

Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ bọ́ òrùka ọwọ́ yín, kí ẹnikẹ́ni má mu sìgá nítòsí, torí gáàsì tó ń jáde lára bátìrì máa ń gbaná. Wáyà bọ́dì yìí ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ tú. Bí sípánà bá kan irin níbẹ̀, kò sí nǹkan kan. Bó bá jẹ́ orí kejì lẹ kọ́kọ́ dáwọ́ lé, tí sípánà kan bọ́dì, iná á ṣẹ́ yọ lójú yín. Ẹ da omi gbígbóná sí ìyẹ̀fun funfun tó bo orí bátìrì, kẹ́ ẹ fi sáńpépà fá a.

Tí ẹ bá ń lo oníkókó, ẹ dè é mọ́ orí bátìrì, kẹ́ ẹ de wáyà bọ́dì mọ́ apá kejì. Ti oníkọ́kọ́rọ́, ẹ wá ibi tọ́wọ́ yín lè dé, tó jìnnà sí sàlẹ́ńsà. Ẹ wo ẹ̀yìn irin náà kẹ́ ẹ tó lu ihò. Wáyà kúkurú á ti orí bátìrì wọ ẹnu súìṣì kan, wáyà bọ́dì á wọ ìkejì.

Ẹ̀yin oní-Volkswagen Ìjàpá, ẹ fiyè sí èyí. Abẹ́ àga ẹ̀yìn ni bátìrì tiyín wà. Bí ẹni tó sanra bá jókòó, sípírìńgì àga lè sọ̀ kalẹ̀ kan orí bátìrì, àga á sì gbaná. Oníkókó á tún mú orí bátìrì ga sí i, nítorí náà ẹ má lò ó rárá. Oníkọ́kọ́rọ́ ni kẹ́ ẹ lò, kẹ́ ẹ sì fi rọ́bà líle bo bátìrì.

Ó ku ìdánwò. Ẹ pa súìṣì, kẹ́ ẹ tẹ fèrè, kẹ́ ẹ tan iná iwájú. Kò gbọdọ̀ sí èyí tó ṣiṣẹ́. Ẹ má pa súìṣì nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ o: ẹ́ńjìnnì lè má kú, alternator tó ń chájì bátìrì ló máa jó. Ẹ tan súìṣì padà, ẹ sítáàtì mọ́tò, kẹ́ ẹ wá fọwọ́ kan ẹnu àwọn wáyà náà. Èyí tó bá gbóná, nọ́ọ̀tì rẹ̀ ṣì dẹ̀. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, kẹ́ ẹ tún un dè.