Ìtọ́jú Ayùn Oníṣéènì Tó Ń Lo Bátìrì fún Àgbẹ̀ àti Onílé

Ayùn oníṣéènì tó ń lo bátìrì wúlò fún àgbẹ̀ kòkó tó fẹ́ gé ẹ̀ka tí àfòmọ́ ti bò, ó sì wúlò fún onílé tó fẹ́ dín ẹ̀ka máńgòrò tó ti gorí páànù kù kí òjò tó dé. Ẹni tó ti lo ayùn elépo rí mọ wàhálà púlọ́ọ̀gì, kabúrétọ̀ àti pípo ọ́ìlì mọ́ bẹntiróòlù, ayùn bátìrì kò sì ní ìkankan nínú wọn. Ìdí nìyí tí àwọn kan fi ń rò pé kò sí ohun tí a ó tọ́jú lára rẹ̀. Èrò yẹn ló ń ba ẹ̀rọ náà jẹ́, nítorí pé ṣéènì rẹ̀, irin pẹlẹbẹ tí ṣéènì ń yí lé, àti ọ́ìlì tó ń mú un yọ̀ kò yàtọ̀ sí ti ayùn elépo.

Kí ọwọ́ tó kan ṣéènì fún ohunkóhun, ẹ yọ bátìrì kúrò. Pípa á nìkan kò tó, nítorí pé ayùn yìí kì í dún bó ṣe wà ní ìmúrasílẹ̀, bí ìka bá sì ṣèèṣì tẹ bọ́tìnì rẹ̀, yóò yí lójijì. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ tó nípọn pẹ̀lú. Eyín tó dúró jẹ́ẹ́ náà ń gé ni lọ́wọ́.

Nígbàkigbà tí ẹ bá ń pààrọ̀ bátìrì, ẹ wo ọ́ìlì tó kù nínú táǹkì rẹ̀. Láti mọ̀ bóyá ọ́ìlì ń dé ara ṣéènì, ẹ dá bátìrì padà, ẹ kọjú ẹnu irin náà sí kùkùté tó mọ́ láìjẹ́ kó kàn án, kí ẹ sì jẹ́ kí ṣéènì yí fún ìgbà díẹ̀. Bí ọ́ìlì bá ta sórí kùkùté náà, ó ń ṣiṣẹ́. Bí kò bá ta sí i, ó ṣeé ṣe kí lẹ́búlẹ́bú igi ti dí ihò ọ́ìlì tó wà nídìí irin. Ọ́ìlì àlòkù tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní kọndẹ́mù kò wọ́n, ṣùgbọ́n mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe dà á sí i. Ìdọ̀tí àti èérún irin tó wà nínú rẹ̀ a máa jẹ pọ́ǹpù, ṣéènì a sì máa fọ́n ọn sí ẹni tó ń gégi lára àti sórí ilẹ̀ tí a fi ń gbin oúnjẹ.

Ṣéènì tuntun a máa nà, nítorí náà ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò léraléra. Bí ẹ bá fà á sókè láàárín irin, ó yẹ kó gbéra díẹ̀ láìjẹ́ pé eyín ìsàlẹ̀ rẹ̀ jáde tán nínú ojú ọ̀nà rẹ̀, kó sì padà sáyè rẹ̀ bí ẹ bá jù ú sílẹ̀. Ẹ má ṣe fún un le nígbà tó ṣì gbóná: yóò súnkì bó bá tutù, yóò sì fún irin àti mọ́tò mọ́ra ju bó ṣe yẹ lọ.

Ohun tó ń jáde lára igi ni a fi ń mọ̀ bóyá ṣéènì mú. Èérún ńlá ni ti èyí tó mú. Lẹ́búlẹ́bú bí ìyẹ̀fun ni ti èyí tó kú. Fáìlì pẹlẹbẹ tí a fi ń pọ́n àdá kò bá eyín rẹ̀ mu. Fáìlì roboto ni kí ẹ lò. Ti ọ̀pọ̀ ayùn bátìrì kékeré jẹ́ mìlímítà 4, ṣùgbọ́n ìwé tó bá ẹ̀rọ yín wá ni kí ẹ tẹ̀lé. Láti inú eyín síta ni ẹ ó máa tì í, kí iye ìgbà tí ẹ bá tì í lórí eyín kan jẹ́ bákan náà lórí gbogbo wọn, nítorí pé bí apá kan bá kúrú ju èkejì lọ, wíwọ́ ni ayùn yóò máa gé. Bí ẹ bá ti pọ́n ọn tán, ẹ dojú irin pẹlẹbẹ náà dé kí ìhà méjèèjì lè jẹ bákan náà. Ẹ má sì jẹ́ kí ṣéènì kan ilẹ̀, nítorí iyanrìn díẹ̀ ti tó láti pa á.

Ooru ni ọ̀tá bátìrì. Ẹ má ṣe fi í sínú oòrùn tàbí inú ọkọ̀ tí a tì pa, ẹ sì jẹ́ kó tutù kí ẹ tó ṣáàjì í. Bí ẹ kò bá ní lò ó fún oṣù mélòó kan, nǹkan bí ìdajì iná ni kí ẹ fi sínú rẹ̀, kí ẹ sì gbé e síbi tó gbẹ. Èyí tó bá ti wú kò gbọdọ̀ kan ṣájà mọ́. Ẹ gbé e síta, jìnnà sí ohun tó lè gbiná. Ẹ má ṣe bu omi sára ẹ̀rọ náà. Búrọ́ọ̀ṣì àti aṣọ gbígbẹ ni kí ẹ fi nù ún.

Kí iṣẹ́ òòjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ dán bíréèkì ṣéènì, ìyẹn ohun tó ń dá ṣéènì dúró lójijì, wò. Òun ló ń dáàbò boni nígbà tí ẹnu irin bá kan igi tí ayùn sì ta padà síni. Bí ṣéènì kò bá dúró lójú ẹsẹ̀, ẹ má ṣe fi gé ohunkóhun títí wọn yóò fi tún un ṣe.