Bó o ṣe lè kọ́lé sí ìgbèríko Kwara láì jẹ gbèsè

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sanwó ilé ní Ìlọrin lọ́dọọdún tẹ́ ẹ fẹ́ kọ́lé sí ọ̀nà Àjàṣẹ́-Ìpo tàbí Òmù-Àrán, ilẹ̀ ibẹ̀ ò wọ́n tó ti Tanke nínú Ìlọrin, àmọ́ àwọn tó ń tà á ni kẹ́ ẹ ṣọ́.

Ẹnì kan ṣoṣo ò gbọdọ̀ ta ilẹ̀ ẹbí fún ẹ o, bó ti wù kó bá ẹ ṣeré tó. Ní kó mú ẹ lọ bá olórí ẹbí, kí òun àtàwọn àgbà ẹbí yòókù jọ fọwọ́ síwèé, kó o sì wá sọ̀féyọ̀, ìyẹn ẹni tó ń wọn ilẹ̀, tìẹ fúnra ẹ, má gba tiwọn. Tí wọ́n bá ní pulọ́ọ̀tì ẹsẹ̀ bàtà 50 lórí 100 ni, kí wọ́n fi téèpù wọ̀n ọ́n lójú ẹ, ká má rìn ín lẹ́sẹ̀ lásán.

Ìgbà òjò ni kó o lọ wo ilẹ̀, wàá rí ibi tómi ń gbà. Kànga ńkọ́? Ìgbà ẹ̀rùn ni kó o gbẹ́ ẹ, torí omi ti lọ sílẹ̀ nígbà yẹn.

Má kọ́ gbogbo ẹ̀ pọ̀ jàre. Rúùmù méjì, kíṣìnnì, tọ́ílẹ́ẹ̀tì, kó wọlé, kó o wá máa fi owó ilé tó ò san mọ́ ra bulọ́ọ̀kù. Má ra sìmẹ́ǹtì pamọ́ o, á dì sínú àpò, páànù ni kó o rà. Bulọ́ọ̀kù tó o bá fi èékánná ha tó ń dà bíi gààrí, dá a padà.