Bí mo ṣe yẹ òkúta epo wò ní Òṣogbo

Ìyá onílé mi ní Òkè-Fìà ló kọ́kọ́ bi mí pé, "Ọmọ mi, ṣé wọ́n ti rí epo ní Òṣogbo ni?" Wọ́n bá mi lẹ́yìnkùlé níbi tí mo ti ń fọ ẹrẹ̀ dúdú nínú asẹ́. Mo ní, "Rárá, mà." Akọ òkúta ló wà lábẹ́ wa níbí, ooru inú ilẹ̀ ti sè é kọjá ohun tó lè bí epo. Láti gúúsù ìpínlẹ̀ Oǹdó, lápá Agbábù tí ọ̀dà wà, ni tèmi ti wá: àpò méjìlá, èérún òkúta tí ẹ̀rọ agbẹ́lẹ̀ hú jáde.

Iṣẹ́ mi ni láti mọ̀ bóyá òkúta náà lè bí epo tàbí gáàsì. Fífọ̀ nìkan gba ọjọ́ mẹ́ta, torí ẹrẹ̀ tí wọ́n fi ń gbẹ́lẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn bí ẹ̀kọ. Ibòòji ni mo sá a sí. Ẹ má gbé e sórí iná o, epo fẹ́lẹ́ inú rẹ̀ á fò lọ. Mo wá fi awò ṣa èyí tó dúdú, tó rí pẹlẹbẹ, mo da iyanrìn nù.

Ní láàbù, a lọ̀ ọ́ kúnná, a fi ásíìdì lé ẹfun inú rẹ̀, torí kábọ̀nù inú ẹfun á ba ìṣirò jẹ́. A wá wọn TOC, ìyẹn kábọ̀nù tó ṣẹ́kù lára ewé àti ẹ̀dá kéékèèké tó kú sínú ẹrẹ̀ àtijọ́. Èyí tí kò bá tó 0.5 nínú ọgọ́rùn-ún, ẹ gbàgbé rẹ̀. Ọ̀kan nínú tèmi jẹ́ 2.1. Ijó ló kù kí n jó.

Rock-Eval ló pa mí lẹ́nu mọ́. Òkè òkun la fi í ránṣẹ́ sí. Ẹ̀rọ yìí ń yan òkúta níbi tí kò sí ọ́síjìn. Nígbà tí ooru bá wà ní 300°C, epo tó ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀ á jáde, òun ni S1. Bí ooru ṣe ń gòkè, èyí tí òkúta ṣì lè bí á tẹ̀ lé e, òun ni S2. Ìwọ̀n ooru tí S2 ti pọ̀ jù ni Tmax. S2 mi jẹ́ mílígíráàmù 2.52 nínú gíráàmù òkúta kan. Mo fi 100 sọ ọ́ di púpọ̀, mo fi TOC rẹ̀, 2.1, pín in, kí n lè mọ ohun tí kábọ̀nù inú rẹ̀ lè bí: ó di 120. Òkúta tó ń bí epo dáadáa máa ń lé ní 300. Gáàsì ni ti 120, bó bá tiẹ̀ bí nǹkan. Tmax rẹ̀ jẹ́ 424, bẹ́ẹ̀ ó máa ń tó nǹkan bí 435 kí epo tó bẹ̀rẹ̀.

Ìyá onílé, tó ń ta ẹ̀wà, gbọ́ ọ, wọ́n ní, "Kò tíì jinná nìyẹn." Bẹ́ẹ̀ gan-an ni.

Àpò keje ló kó ọkàn mi sókè: TOC 1.5, S1 3. Òkúta tí kò jinná, níbo ló ti rí epo? Ọ̀gá mi wò ó, wọ́n ní, "Àlejò ni." Gírísì ẹ̀rọ tàbí ọ̀dà tó rìn wọ inú rẹ̀. A fi kẹ́míkà fọ̀ ọ́, a dá a padà sínú ẹ̀rọ. S1 fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá, S2 pàápàá já wálẹ̀. Ọ̀dà ni mo fura sí, torí èyí tó wúwo nínú rẹ̀ máa ń sá pamọ́ sínú S2. Mo yọ ọ́ kúrò nínú ìṣirò, mo kọ ìdí rẹ̀ sísàlẹ̀, mo fi iṣẹ́ ránṣẹ́.

Ẹrẹ̀ tó kù ṣì wà lẹ́yìnkùlé. Ìyá onílé ní kí n kó o kúrò kí òjò tó gbé e wọ kànga àwọn.