Bí ẹ ṣe lè mọ ohun tó wà lọ́kàn ajá yín kó tó gé ènìyàn jẹ

Kí ajá tó gé ènìyàn jẹ, lọ́pọ̀ ìgbà, ó ti kọ́kọ́ bẹ̀bẹ̀. Ojú, etí, ìrù àti bó ṣe gbé ara dúró ló fi ń bẹ̀bẹ̀ yẹn, àwa ni a kì í wò ó. Ẹni tó bá ní ajá nílé, pàápàá níbi tí ọmọdé wà, gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n wò.

Ẹ kọ́kọ́ mọ bó ṣe máa ń rí nígbà tí ọkàn rẹ̀ bá balẹ̀. Ẹ jókòó síbi tó jìnnà díẹ̀, kí ẹ wò ó fún ìṣẹ́jú 10 láìpè é. Ẹnu rẹ̀ á là díẹ̀, ojú rẹ̀ á rọ̀, ìrù á wà níbi tó máa ń wà. Ajá ilẹ̀ wa tí ìrù rẹ̀ ká sókè yàtọ̀ sí Alsatian tí tirẹ̀ ń wọ́ sílẹ̀, nítorí náà, ìgbà tí ìrù bá kúrò ní ààyè rẹ̀ ni kí ẹ fura.

Ìrù ló ń tan ènìyàn jẹ jù. Wọ́n ní ajá tó bá ń ju ìrù, inú rẹ̀ ló dùn. Kò rí bẹ́ẹ̀ nígbà gbogbo. Bí ìrù bá ń lọ tó ń bọ̀, tí ìdí ń bá a jó, ayọ̀ ni. Bó bá nà gan-an sókè tó ń gbọ̀n kíákíá, tí ara yòókù le bí igi, ẹ dúró níbi tí ẹ wà. Bó bá ki ìrù bọ àárín itan, ẹ̀rù ló ń bà á.

Ẹ wo ajá tó ń jẹ egungun lábẹ́ àga, tí ọmọ ọdún 3 ń sún mọ́ ọn. Ajá náà á kọ́kọ́ gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́, á lá imú, tàbí kó yán nígbà tí oorun ò kùn ún. Ọmọ ò dúró. Ajá á dáwọ́ jíjẹ dúró lójijì, ẹnu rẹ̀ á pa dé, á da orí bo egungun. Kò ní yí orí mọ́, ojú nìkan ni yóò máa fi bá ọmọ náà lọ, débi pé funfun ẹyinjú á yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Lẹ́yìn náà ni yóò kùn, á ká ètè, á yọ eyín, kó tó wá gé e jẹ. Gbogbo rẹ̀ lè má ju ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan lọ. Ibi tó ti gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ yẹn ni kí ẹ ti dá sí i: ẹ gbé ọmọ kúrò, ẹ má fa egungun lẹ́nu ajá. Bí egungun náà bá gbọ́dọ̀ kúrò, ẹ ju ẹran sí ọ̀ọ́kán, kí ajá fúnra rẹ̀ fi í sílẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má na ajá nítorí pé ó kùn. Ẹgba kì í lé ẹ̀rù kúrò lára rẹ̀, ìkìlọ̀ nìkan ló ń gbà lẹ́nu rẹ̀. Ajá tí wọ́n ti nà títí tó fi dákẹ́ ni wọ́n máa ń sọ pé ó ṣàdédé gé ènìyàn jẹ. Bákan náà ni ajá tó sorí kọ́ nígbà tí ẹ bá bá ìgbẹ́ nínú pálọ̀: ojú yín tó le ló ń bà á lẹ́rù, kì í ṣe pé ó mọ ẹ̀bi rẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ó fẹ́ kí ẹ fọwọ́ kan òun, ẹ ra àyà rẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 3, ẹ má fọwọ́ kan orí rẹ̀, kí ẹ wá dáwọ́ dúró. Bó bá fara tì yín, ẹ máa bá a lọ. Bó bá yíjú tàbí tó gbọn ara bí ẹni tí omi dà sí lára, ó ti tó.

Ajá tí wọ́n so mọ́ ṣéènì láti àárọ̀ dalẹ́ kò lè sá fún ohun tó ń bà á lẹ́rù, ìjà nìkan ló kù fún un. Ẹ tú u, ẹ mú un rìn fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 30 lójúmọ́, kí ẹ sì jẹ́ kó gbóòórùn ilẹ̀ bó ṣe wù ú. Ní Oṣù Kejìlá tí àwọn ọmọ ń yìn báńgà, ẹ mú un wọlé kó tó ṣú, ẹ ti fèrèsé, ẹ tan rédíò. Bó bá wá sún mọ́ yín, ẹ jẹ́ kó dúró tì yín. Ìyẹn ò bà á jẹ́.

Bí ìwà rẹ̀ bá yí padà lójijì, ẹ ronú kan ìrora: etí, eyín tàbí oríkèé. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran. Ṣùgbọ́n bó bá ń da itọ́, tó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, tí kò lè gbé omi mì, ẹ má fọwọ́ kàn án, ó lè jẹ́ dìgbòlugi. Bí ajá bá gé ènìyàn jẹ, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú egbò náà fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sì lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an fún abẹ́rẹ́, kódà kó jẹ́ pé ara kàn bó díẹ̀ ni.