Bàtà ọlọ́rùn gíga tí mo rà ní Sábó

Ó ti pẹ́ tí bàtà kanfáàsì ọlọ́rùn gíga ti ń wọ̀ mí lójú, èyí tí wọ́n fi rọ́bà funfun yí nídìí. Mo rí ọ̀kan lórí àtẹ òkìríkà ní Sábó, Ìkòròdú. Orúkọ ara rẹ̀ ti pa rẹ́, àmọ́ dúdú rẹ̀ kò tíì ṣá.

"Ẹ̀gbọ́n, àfi bíi pé ẹsẹ̀ yín ni wọ́n fi wọn bàtà yìí," ni ọmọ tó ń tà á wí. Mo ki ẹsẹ̀ ọ̀tún bọ̀ ọ́, mo wo ara mi nínú gíláàsì dáńfó kan, mo sanwó. N kò rin ìṣísẹ̀ kan nínú rẹ̀.

Lọ́jọ́ Àìkú, àbúrò mi ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ti padà di ọmọ ogún ọdún o!" Orí mi wú. Kí n tó fẹsẹ̀ rìn délé láti ṣọ́ọ̀ṣì, etí bàtà ti gé mi ní gìgísẹ̀, ẹsẹ̀ mi gbóná bí iṣu inú ìkòkò, kò sì sí òkúta wẹ́wẹ́ tí mo tẹ̀ tí n kò mọ̀.

N kò dá bàtà lẹ́bi. Lọ́dún 1917 tí ilé iṣẹ́ bàtà Converse gbé irú rẹ̀ jáde, àwọn tó ń gbá básíkẹ́ẹ̀tì lórí ilẹ̀ pákó ló wà fún, rọ́bà pẹlẹbẹ sì máa ń di irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ mú. Àwọn tó ń gbé irin wúwo fi ṣe eré ìdárayá ṣì fẹ́ràn rẹ̀, torí ìdí rẹ̀ kì í rì bíi fóòmù. Èmi ò gbé irin ní tèmi, títì Ìkòròdú ni mò ń rìn. Wọ́n tilẹ̀ dá ihò kékeré méjì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ fún afẹ́fẹ́. Ihò méjì, lábẹ́ oòrùn wa yìí!

Mo gbé e lọ bá bàbá aránbàtà àdúgbò wa. Wọ́n gé fóòmù tẹ́ inú rẹ̀, ni fóòmù bá gbé ẹsẹ̀ mi sókè, ọmọ ìka mi wá ń kan òrùlé. Bàbá rẹ́rìn-ín, wọ́n fi ọ̀bẹ fá iwájú rẹ̀ títí ó fi fẹ́lẹ́, wọ́n jẹ́ kí ti abẹ́ gìgísẹ̀ nípọn. "Má fa okùn dé òkè mọ́," ni wọ́n wí. Mo fi ihò méjì tó wà lókè pátápátá sílẹ̀, mo sì ń wọ sọ́kìsì òwú tó ga ju etí bàtà lọ. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, kanfáàsì rọ̀, kò gé mi mọ́.

Ti bíbọ́ rẹ̀ ló kù. Mo wọ̀ ọ́ lọ kí bàbá ìyàwó mi ní Ìgbógbó, níbi tí wọ́n ti ń bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà. Mo bẹ̀rẹ̀, mò ń tú okùn, mò ń tú okùn, bàbá ń wò mí láti orí àga.

"Ọmọ mi, ṣé ìdọ̀bálẹ̀ nìyẹn, àbí o ṣì ń bọ̀?"