Máàpù ò mọ DACH o: àṣìṣe tó wọ́pọ̀ lórí dáṣíbọ́ọ̀dù ẹkùn ọjà

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣe rípọ́ọ̀tì fún ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ju "DACH" tàbí "EMEA" (Yúróòpù, Àárín Gbùngbùn Ìlà-Oòrùn àti Áfíríkà) síbi tí máàpù ti ń wá orúkọ ibi. Orílẹ̀-èdè ló mọ̀. Jámánì, Austria àti Switzerland la pa pọ̀ tá à ń pè ní DACH, àwa la mọ̀ ọ́n, máàpù lè lọ fi àmì síbi tí ò kàn yín rárá tàbí kó má fi nǹkan kan hàn. Ẹ ṣe tébù kékeré kan lọ́tọ̀, orílẹ̀-èdè kan ní ìlà kan, kóòdù ISO ẹ̀ (lẹ́tà méjì tàbí mẹ́ta tí gbogbo ayé fi ń dá orílẹ̀-èdè mọ̀) àti ẹkùn tó wà, kóòdù yẹn lẹ máa fi so ó mọ́ tébù ọjà.

Kóòdù ni mo wí o, kì í ṣe orúkọ. Guinea mẹ́ta ló wà ní Áfíríkà nìkan, Georgia tún jẹ́ ìpínlẹ̀ ní Amẹ́ríkà, Swaziland di Eswatini ní 2018. Kóòdù náà ní wàhálà tiẹ̀ ṣá, UK fúnra ẹ̀, GB ni wọ́n ń kọ. Ti Namibia ni ojú mi rí màbo. NA ni kóòdù ẹ̀, mo fi pandas, irinṣẹ́ Python fún dátà, ka fáìlì CSV, pandas rò pé NA yẹn túmọ̀ sí pé kò sí nǹkan níbẹ̀, ló bá sọ ọ́ di òfìfo, gbogbo ọjà Namibia wábi gbà, àròpọ̀ ò bára mu mọ́, mo wá a títí ilẹ̀ fi ṣú. keep_default_na=False tí mo kọ síbi tí pandas ti ń ka fáìlì ló yọ mí, àbí kẹ́ ẹ kúkú lo kóòdù lẹ́tà mẹ́ta, NAM.

Ẹ má kọ Jámánì sí ìlà méjì torí pé ó wà ní DACH tó tún wà ní EMEA. Tẹ́ ẹ bá ta 100 níbẹ̀, lẹ́yìn join (síso tébù méjì pọ̀) á di 200, inú ọ̀gá á kọ́kọ́ dùn ná. Kọ́lọ́ọ̀mù méjì lórí ìlà kan náà ni kẹ́ ẹ fi wọ́n sí.

Ẹkùn tún máa ń yí padà. Tí wọ́n bá gbé Túrkì kúrò lábẹ́ Yúróòpù láàárín ọdún, ẹ má pa ti tẹ́lẹ̀ rẹ́, ẹ kọ ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tó parí sí i, kẹ́ ẹ fi déètì kún join yẹn, torí bí bẹ́ẹ̀ kọ́ rípọ́ọ̀tì ọdún tó kọjá náà á yí padà mọ́ yín lọ́wọ́, ẹni tó ti gba bónọ́ọ̀sì lórí ẹ̀ á sì fẹ́ mọ ẹni tó kó ọjà òun lọ.