Bí èmi àti ọmọ mi ṣe fọwọ́ mọ òkúta nílé wa ní Iléṣà

Wọ́n ní kí ọmọ mi mú òkúta onípele wá sí ilé ẹ̀kọ́, irú èyí tí iyanrìn àti ẹrẹ̀ dì pọ̀ dà. Ó wá a káàkiri àdúgbò, kò rí i. Kò sì lè rí i. Àpáta àtayébáyé tí ooru abẹ́ ilẹ̀ ti sè jinná ló pọ̀ ní Iléṣà àti Ifẹ̀. Ìhà Ewékorò ní ìpínlẹ̀ Ògùn lọ́hùn-ún ni irú èyí tó ń wá wà. Mo ní kó fọkàn balẹ̀, a ó fọwọ́ mọ tiwa.

A dúró de òjò. Nígbà tó dá, a tọ ipa ọ̀gbàrá láti ẹ̀yìnkùlé lọ sísàlẹ̀. Níbi tí ilẹ̀ ti dà gẹ̀rẹ́, òkúta wẹ́wẹ́ la bá. Níwájú díẹ̀, iyanrìn ni. Níbi tí omi ti dúró, ẹrẹ̀ kíkúnná bí èlùbọ́ ló kù.

"Màámi, ta ló ṣà wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀?"

Omi ni. Bí agbára rẹ̀ bá ṣe ń dín kù, ohun tó wúwo ló kọ́kọ́ ń jù sílẹ̀. Ohun tó ń ran àwọn awagóòlù Ìtagunmódì lẹ́bàá Iléṣà lọ́wọ́ náà nìyẹn: góòlù wúwo ju iyanrìn lọ, ó máa ń rì sísàlẹ̀ láàárín òkúta wẹ́wẹ́.

Mo tún fi àpáta kan tí wọ́n gé nígbà tí wọ́n ń la ọ̀nà hàn án. Èèpo rẹ̀ ń ṣí ní ọwọ́ lásán. Òkúta máa ń jẹrà: gbòǹgbò igi ń là á, oòrùn àti òjò ń bá a fà á, irú atẹ́gùn tí à ń mí síta, tó yòrò sínú omi òjò, sì ń sọ omi náà di kíkan díẹ̀, tó fi ń jẹ òkúta. Apá kan á di amọ̀. Èyí tó funfun tó ń dán kò gbà fún omi, òun ló ń di iyanrìn.

A da òkúta wẹ́wẹ́, iyanrìn àti ẹrẹ̀ ọ̀gbàrá náà sínú ìgò omi, a mì ín, a gbé e sílẹ̀ di àárọ̀. Ọmọ tó ti rí ògì tó rọ̀ sísàlẹ̀, tí omidùn tòrò lókè, kò nílò àlàyé púpọ̀.

Mímọ rẹ̀ ló le. A gé ike omi, a lu ìdí rẹ̀, a to iyanrìn, lúúlúù yangí àti ẹrẹ̀ lérí ara wọn, a ń bu símẹ́ńtì tó ṣàn sí ìpele kọ̀ọ̀kan, a wá gbé òkúta lé e. Nígbà tá a tú u ní ọjọ́ kejì, ó wó palẹ̀. Àbúrò bàbá ọkọ mi, tó jẹ́ bíríkìlà, ló là wá lójú: "Ìyàwó, símẹ́ńtì kì í gbó ní òru kan. Ẹ fún un ní ọjọ́ mẹ́rin, kẹ́ ẹ sì máa wọ́n omi sí i." Èkejì dúró.

Òkúta ẹfun Ewékorò ni irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe símẹ́ńtì, ìkarahun àwọn ẹ̀dá inú òkun tó kú ní nǹkan bí 60 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn ló sì pọ̀ nínú rẹ̀. Lábẹ́ ilẹ̀, kò sí àpò símẹ́ńtì. Omi tó ń yọ́ wọ àárín iyanrìn ló ń gbé ẹfun tàbí ìpẹtà irin wá lẹ̀ ẹ́ pọ̀, ẹrù ilẹ̀ òkè sì ń tẹ̀ ẹ́ fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún.

Ní Sátidé, mo mú un lọ sí Olúmirin, omi tó ń já láti orí àpáta ní Erin-Ìjẹ̀ṣà. Iyanrìn ni àpáta tí omi yẹn ń já lé nígbà kan rí, kí ooru àti ìtẹ̀mọ́lẹ̀ tó sọ ọ́ di òkúta líle, ní ohun tó ju 500 mílíọ̀nù ọdún lọ sẹ́yìn. Nínú kòtò omi ìsàlẹ̀, ó tún ti ń di iyanrìn padà. A bu ẹ̀kúnwọ́ kan sínú ọ̀rá. Òun la ó fi mọ èyí tó kàn.